Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Tíṣà Ìgbín ránṣẹ́ pè mí. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe ọmọ mi ní Ìgbín — ọmọ ọdún mẹ́fà tó lè fi odidi àárọ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ kan. Tíṣà yìí, Onígíláàsì ni màá máa pè é, ohùn rẹ̀ tútù bíi ti ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní Ìgbín ò mọ bátànì. Mo ní ṣé bátànì náà ló wọ́n ni? Mo ní ó kún ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi nílé, tapá, tọrùn, tọmọdé, tàgbà. Ó wò mí títí. Ó ní kì í ṣe ti aṣọ. Ó ní nǹkan tó ń tẹ̀ léra lòun ń sọ: pupa, pupa, dúdú, pupa, pupa — kí ló kàn? Orí ìyẹn ni ìṣirò dúró lé. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún, òun á tún un dán wò. Bí kò bá rí i ṣe, wọ́n á dá a padà sí kíláàsì àwọn tó kéré sí i.

Ojú tì mí débi pé mi ò rántí kí i pé ó dàbọ̀. Télọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ò mọ bátànì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹfà

Mo da bọ́tìnnì inú agolo mílíìkì sórí tábìlì ìgéṣọ. Pupa méjì, dúdú kan. Pupa méjì, dúdú kan. Mo ní kó máa bá a lọ. Ó fi funfun síbẹ̀. Mo tún un ṣe. Ó to dúdú lé dúdú. Mo tún un ṣe. Yúnífọ́ọ̀mù tí àwọn nọ́ọ̀sì kó fún mi rán sì wà nílẹ̀ gègèrè, mi ò tíì ran ìdajì. Mo jókòó ti ọmọ, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ń tẹ máṣíìnì tí ò sí lábẹ́ tábìlì.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹfà

Ó gbà á! Pupa, pupa, dúdú, títí dé etí tábìlì, kò ṣi ẹyọ kan. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní ó tó, mo dìde, mo lọ bá apá aṣọ tí mo fi sílẹ̀. Ọpẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹfà

Kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló mọ́ láàárín. Àfi bíi pé ẹnì kan fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò lágbárí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹfà

Gbogbo nǹkan ti di bátànì lójú mi. Ṣíbí, àwo, ṣíbí, àwo, nígbà tá a ń tẹ́ tábìlì oúnjẹ. Ìbọ̀sẹ̀ lórí okùn aṣọ: gígùn, kúkúrú, kúkúrú. Pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, fẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì — ìyẹn dùn mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń ṣì í. Mo ń ka táìsì ilé ìwẹ̀ nígbà tí mo ń wẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ní kí n rọra. Kò-sí-wàhálà lorúkọ tiẹ̀ níbí. Onígbàjámọ̀ ni, ilé lè máa jó kó ní kò sí wàhálà. Ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín ń gungi. Mo ní igi ọ̀hún, Onígíláàsì ti gbé àáké dání.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹfà

Ọjọ́ burúkú. Mo to bọ́tìnnì kan, mo to méjì sábẹ́ rẹ̀, mo to mẹ́ta sábẹ́ ìyẹn. Mo ní mélòó ló kàn? Ó to méjì. Mo ní wò ó dáadáa. Ó to ẹyọ kan. Olórí nọ́ọ̀sì ń pè lórí fóònù, irin ìlọṣọ ń gbóná, mo pariwo mọ́ ọmọ. Mo pè é ní olódo. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ti fẹ́ gbé e mì padà.

Kò sunkún. Ó fa àga rẹ̀ mọ́ mi, ó ní, ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀, Màámi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹfà

Mo bẹ Ìgbín pé kó má bínú. Ó ní kò tọ́pẹ́. Ibo ló ti gbọ́ ìyẹn?

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹfà

Kò-sí-wàhálà mú u lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó dé, ó ní ọmọ náà kó ìdérí ìgò jọ sílẹ̀, ó to ọ̀kan, ó to méjì, ó to mẹ́ta, ó to mẹ́rin, ó wá ń dín in padà bọ̀ wálé. Ó ní ó tún ń ṣàlàyé fún oníbàárà tí wọ́n ń fá lórí lọ́wọ́. Mo ní kó má fi irọ́ tù mí nínú. Ó ní òun ò purọ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ní kó gbé òwe rẹ̀ jìnnà sí mi, èje gan-an ni Onígíláàsì ń bèèrè.

Ká sọ òótọ́, ìlara ń jẹ mí. Kí ló dé tó fi mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tí ò mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ mi?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹfà

Abẹ́rẹ́ gún mi. Mo ran apá òsì mọ́ ọ̀tún. Mo tú u.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹfà

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo lọ kó lára yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn nọ́ọ̀sì. Mo tètè padà délé. Bàbá rẹ̀ ń fọ mọ́tò lẹ́yìnkùlé. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí Ìgbín nídìí tábìlì ìgéṣọ, òun nìkan. Pupa méjì, dúdú kan, funfun mẹ́ta. Pupa méjì, dúdú kan, funfun mẹ́ta. Ó ti tò ó yí tábìlì po, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Èmi tí mo bí i ò tíì kọ́ ọ débẹ̀. Mo ṣí ẹsẹ̀, sálúbàtà mi dún lórí símẹ́ǹtì. Kò wẹ̀yìn. Ó kàn nawọ́, ó yọ dúdú kan, ó fi pupa rọ́pò rẹ̀, ó wá káwọ́ gbera bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé.

Mo wọlé. Mo jókòó. Mo bi í pé, "Kí ló dé tó o fi bà á jẹ́?"

Ó ń yí bọ́tìnnì dúdú yẹn lọ́wọ́.

"Tí mo bá gbà á, ẹ ó ní ó tó, ẹ ó sì dìde. Tí mo bá ṣì í, ẹ ó jókòó." Ó gbójú sókè. "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Màámi. Gbogbo ìgbà."

Èmi ni bátànì tó ń kà látọjọ́ yìí. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo sunkún, mo fi yúnífọ́ọ̀mù tí mi ò tíì ṣe létí nujú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹfà

Mo sọ fún bàbá rẹ̀. Kò sọ pé kò sí wàhálà.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹfà

Mo pe olórí nọ́ọ̀sì, mo ní ìyókù aṣọ á pẹ́ díẹ̀. Ó kùn, ó kùn, ó ní òun ò fẹ́ràn ìjákulẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ìgbín to bọ́tìnnì tirẹ̀ tán, ó gbà á, ó wá ń wo ẹsẹ̀ mi. Mi ò dìde. Ó nira ju bí mo ṣe rò lọ. Máṣíìnì ń dún nínú orí mi ṣáá. Ó tún ṣi òmíràn, mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, ó ń dán mi wò.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹfà

Ọ̀la ni. Bó bá rò pé Onígíláàsì náà á dìde lọ ńkọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹfà

Wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Onígíláàsì to ìlẹ̀kẹ̀, Ìgbín parí rẹ̀. Ó tún to òmíràn, ó parí ìyẹn náà. Kí obìnrin náà tó la ẹnu, ọmọ ti to tirẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló kàn?" Onígíláàsì bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní kò sí ìdápadà. Inú mi dùn débi pé mo gbá obìnrin náà mọ́ra, ara rẹ̀ le bí igi.

Gbogbo ọ̀nà ni mo ń sọ̀rọ̀. A délé, ó gun àga, ó kó gbogbo bọ́tìnnì sínú agolo, ó dé e, ó gbé e fún mi.

"Ẹ gbà, Màámi. A ti gbà á. Ẹ máa lọ ránṣọ."

Mo dúró pẹ̀lú agolo lọ́wọ́. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ṣí agolo, mo da bọ́tìnnì sílẹ̀, mo jókòó. Mo to pupa méjì, dúdú kan. Pupa méjì. Mo wá fi funfun síbẹ̀.

Ó wo funfun náà. Ó wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ létí ẹnu rẹ̀, ó rọra dé, bó ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan.

"Màámi, ẹ ṣì í," ló wí, ó sì fa àga rẹ̀ mọ́ mi. "Ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀."