Ọta Búlúù Tó Pa Akọ Ìmàdò

                                                  Ilé Pruitt,
                                                  Ọ̀nà Sawlog,
                                                  Catfish Bend, Texas.
                                                  Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kọkànlá, 2021.

Emmett, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Jókòó kó o tó ka lẹ́tà yìí, torí ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe Coy tó o fi sílẹ̀ níbí mọ́. Èmi ni mo pa akọ ìmàdò tó tóbi ju ilé ìwẹ̀ yín lọ. Ọta kan ṣoṣo, búlúù. Mo súnmọ́ ọn débi tí mo lè fọwọ́ fún imú rẹ̀, mi ò sì ṣẹ́jú. Nígbà tó ṣubú, ilẹ̀ mì tìtì, gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì sán. Olùkọ́ wa gan-an ń dìde kí mi báyìí.

Ó dáa, ẹ kú àtijọ́. Ṣé ara le? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n rí ohun tí wọ́n lè dọdẹ ní Houston, àbí eku inú gáréèjì ni wọ́n ń lépa? Ẹ kú ariwo ìlú ńlá o. Àwa náà wà níbí, ara gbogbo wa dá, àfi Ọ́ńkù Leland tí ojú rírán tó wà lára ẹsẹ̀ wọn pọ̀ ju èyí tó wà lára sòkòtò wọn lọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kó lọ, kò sẹ́ni tó ń yin òjé lásán mọ́ nínú ilé wa. Òjé kéékèèké ara rìmù ọkọ̀ tí a máa ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe táyà náà la ṣì ń yọ́, mọ́ọ̀dù àtijọ́ náà la sì fi ń dà á di ọta. Ṣùgbọ́n tí ọta bá ti tutù báyìí, a ó kó o sínú ike àìsìkiriìmù pẹ̀lú ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú, a ó mì ín jìgìjìgì bí ẹni ń bá ike jà, títí ọ̀dà á fi bo gbogbo ara rẹ̀, a ó wá yan án nínú ààrò. Á jáde, á máa dán bíi súìtì. Òjé kì í lẹ̀ mọ́ inú ìbọn mọ́, èéfín sì dín kù. Ọ̀dà yẹn kì í ṣí bọ̀rọ̀. Bí ọta bá tiẹ̀ kọlu egungun tó sì fẹ̀ bí ewé, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì wà lára rẹ̀.

Ọ́ńkù Leland ló kọ́kọ́ gbé ọ̀dà náà wálé. Ààrò tí Ìyá àgbà fi ń yan páì ni wọ́n sì lọ lò! Ìyá àgbà ṣí i, wọ́n rí ọta dípò páì, wọ́n fa páànù irin yọ, pàá, lórí ọ̀gbẹ́ni.

“Leland! O fẹ́ fi òjé pa mí nínú ilé mi? Èmi ni mo bí ọ o, mo sì lè dá ọ padà síbi tó o ti wá!”

Láti ọjọ́ náà, ààrò àlòkù kan wà nínú gáréèjì tí oúnjẹ ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ láéláé.

Olúkúlùkù ló wá mú àwọ̀ tirẹ̀. Dúdú ni ti Ọ́ńkù Leland, àwọ̀ ewé ni ti Bàbá àgbà, búlúù ni tèmi. Àbúrò mi Retta, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, mú píńkì, torí òun ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn tó ń kun kẹ̀kẹ́ ọmọdé, tí a ti ń tọrọ ọ̀dà. Ó dára bẹ́ẹ̀. O rántí bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń da ẹ̀ṣẹ́ bo ara wọn lórí ẹni tó pa ẹran? Ó ti tán. A ó la ẹran, a ó wá ọta, àwọ̀ á dájọ́.

“Retta,” Ọ́ńkù Leland ní, “ṣé o fẹ́ pa ìmàdò ni àbí o fẹ́ bá a kun èékánná?”

“Ọ́ńkù, ṣé ìmàdò máa ń bèèrè àwọ̀ kó tó kú ni?”

Ó mú ọ̀kan nínú ọta rẹ̀, ó gbé e lé irin, ó sì fi òòlù lù ú títí ó fi tẹ́ bí owó ẹyọ, kó lè mọ̀ bóyá ọ̀dà á ṣí. Kò ṣí. Èmi ò ní sùúrù irú ìyẹn, o mọ̀ mí.

Wọ́n ní ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, à bá ba ìlú jẹ́. Èyí tí mò ń sọ yìí ti bà á jẹ́ tán. Ó tú gbogbo pápá koríko wa bí ẹni ń wá wúrà, ó jẹ ọmọ ewúrẹ́ láàyè, orí nìkan ló máa ń fi sílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó pàdé Duchess, ajá Bàbá àgbà, lẹ́yìn abà. Ó la ajá yẹn láti igẹ̀ dé abẹ́. Duchess wọ́ ìfun ara rẹ̀ nílẹ̀ wá síwájú àtẹ̀gùn, ó gbé orí lé bàtà Bàbá àgbà, ó sì ń ju ìrù. Bàbá àgbà wólẹ̀ tì í, wọ́n di ojú rẹ̀ fún un, wọ́n sì yìnbọn fún un fúnra wọn.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, wọ́n wọlé, erùpẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì gbé ìbọn tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn kalẹ̀ láàárín búrẹ́dì àgbàdo àti ẹ̀wà. O mọ ìbọn yẹn. Ọ́ńkù Leland ti ń tọrọ rẹ̀ tipẹ́. Èmi náà ń lá a lójú oorun.

“Ojú mi ti ń ṣú,” wọ́n ní. “Ẹni tí mo bá bá ọta rẹ̀ nínú ọkàn ẹranko yẹn ló ni ìbọn yìí. Mi ò ní í gbọ́ àròyé. Àwọ̀ ni n ó wò.”

“Ti Retta náà wà níbẹ̀?” Ọ́ńkù Leland bèèrè.

“Mo ní ẹni, Leland. Ṣé Retta kì í ṣe ẹni ni?”

Àárọ̀ Sátidé la lọ. A tò sí etí odò, a gbé ọkọ̀ sẹ́yìn wa, àwọn ajá sì wọnú esùsú lọ. Ká tó ṣẹ́jú, esùsú yẹn là sí méjì, ó jáde! Ó fi eyín gbé ajá kan, ó sọ ọ́ lu wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ajá há síbẹ̀, ó ń ké. Ọ́ńkù Leland yìnbọn. Ó bà á léjìká, ṣùgbọ́n ṣe ni ẹranko náà túbọ̀ bínú. Ó kọjú sí wọn. Ó ti eyín bọ itan wọn, ó sì fà á ya dé orúnkún bí ẹni ń fa aṣọ ya. Ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà. Wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi ìdí ìbọn gbá a lójú, gbì, gbì.

“Ẹ yìn ín! Ẹ yìn ín! Ẹ má yìn mí o!”

Bàbá àgbà gbé ìbọn sókè, wọ́n tún gbé e sílẹ̀. Wọn ò mọ èyí tó jẹ́ ọmọ nínú àwọn méjèèjì.

Ibẹ̀ ni mo dé. Mo rìn lọ bá a bí ẹni ń lọ gba lẹ́tà. Mo ní, “Duchess ní kí n kí ọ.” Gbàù! Ó wó lu Ọ́ńkù Leland.

A yí i kúrò lórí wọn, Bàbá àgbà fi bẹ́líìtì di itan náà pinpin. A sáré dé ìdí ọkọ̀, àṣé táyà ẹ̀yìn ti jò pátápátá! Orí rìmù la gùn dé ilé ìwòsàn, pẹ̀lú iná tó ń ta pàrà nídìí wa. Ọ́ńkù Leland ti funfun bí ìyẹ̀fun, síbẹ̀ wọ́n ń sọ pé, “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé sòkòtò mi o, tuntun ni.”

Ìrọ̀lẹ́ àná la la ẹran náà. Ọ́ńkù Leland fi ẹsẹ̀ lé orí korobá. A kọ́kọ́ rí ọta dúdú, ọ̀rá èjìká ló há sí, kò tilẹ̀ dé ìhà. Ọ́ńkù Leland wo ilẹ̀. Bàbá àgbà wá ki ọwọ́ bọ inú àyà. Ọkàn rẹ̀ ti fọ́ bíi tòmátì tó rà. Wọ́n yọ ọta, wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Búlúù ni.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá, kí o sì sọ fún àbúrò rẹ pé mo kí i.

Emmett, dúró ná. Retta ti ń ka lẹ́tà yìí láti ẹ̀yìn mi, ó sì fi síbí ọbẹ̀ kàn mí lórí.

“Bọ̀dá Coy, ẹ sọ òótọ́ fún Bọ̀dá Emmett, àbí kí n bá yín sọ ọ́.”

Ó dáa. Òótọ́ ni ti Duchess. Òótọ́ ni ti itan Ọ́ńkù Leland, ẹ̀jẹ̀ náà ṣì wà lára bàtà mi. Àwọ̀ ọta tó wà nínú ọkàn nìkan ni mo yí. Píńkì ni. Láti ìgbà tí esùsú ti mì ni mo ti wà lórí igi. Ibẹ̀ ni mo ti dijú yìnbọn, inú táyà la sì ti yọ ọta búlúù. Retta ló rìn lọ bá a. Kò sọ pé Duchess kí ẹnikẹ́ni. Ó ń sunkún bọ̀, ó yìn ín, ó sì bì sórí bàtà ara rẹ̀. Nígbà tí Bàbá àgbà gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, Ọ́ńkù Leland ní, “Retta, jọ̀ọ́, bá mi bù díẹ̀ nínú ọ̀dà píńkì yẹn.”

Èmi ni tìrẹ, ẹni orí igi,
Coy Pruitt