Igi Tó Wà Lórí Sàárè Màámi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti gé igi fúrúùtù tó wà lórí sàárè Màámi! Inú ṣì ń bí mi.

Mo pọn Yétúndé ọmọ mi lọ sí itẹ́ òkú àtijọ́ ní Yábàá, kí n lè ro koríko ibẹ̀ kí Bàbá tó ti Iléṣà dé lọ́la. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń kúnlẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n ń fẹjọ́ wa sun Màámi. Láyé òyìnbó ni wọ́n ti gbin àwọn igi ibẹ̀, tí gbogbo ibẹ̀ dà bí ọgbà. A ò kọ orúkọ sórí sàárè. Igi yẹn nìkan ni àmì wa. Ní báyìí, sàárè tuntun ló kún ibẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti Màámi mọ́.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń jẹ gúgúrú. "Àǹtí, àyè ti tán, àwọn òkú míì náà fẹ́ sùn. Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, Ọlọ́run mọ tiyín."

"Ṣé tó bá jẹ́ ìyá tìẹ náà, èyíkéyìí lo máa mú?"

Ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ọkọ mi ní kí n ṣáà fi sàárè kan han Bàbá, kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà ru. Ó kọ́kọ́ wù mí kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Rárá. Kí wọ́n tó kúnlẹ̀ ti òkú olókùú, màá sọ fún wọn.