Ìṣó Inú Kòtò Páànù

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Àfẹ́sọ́nà mi ló ń fi páànù tuntun bo òrùlé wa. Mo rí i pé inú kòtò páànù, níbi tí omi ń gbà, ló ń kan ìṣó sí, dípò ibi tó ga. Mo rọra sọ fún un. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ṣé kí n gbé òòlù fún ọ ni?"

Bàbá mi tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ni òjò àkọ́kọ́ jò lé lórí. Síbẹ̀ wọ́n ní, "Àna mi ló ń ṣe é, ẹ má pe ẹlòmíràn." Sátidé ló ń bọ̀ wá kan apá tó kù. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹnu mi.

Rédíò wà létí ibùsùn bàbá mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́: ṣé torí àna la ó ṣe máa sùn nínú omi?