Igbe Mi Tí Wọ́n Jó Sí

Bàbá mi, ẹni tí mo gbójú lé,

Ẹ kò mọ̀wé kà, mo mọ̀. Nígbà tí ẹ wà láyé, bí lẹ́tà mi bá dé Ẹ̀pẹ́, ẹ óò mú un lọ bá tíṣà, ẹ óò ní kó tún un kà, ẹ óò wá ká a sínú fìlà yín. Ta ni yóò ka eléyìí fún yín? Ọkọ mi ti bá àwọn ọmọ báǹdì rẹ̀ lọ síbi ìdánrawò láàárọ̀ yìí. Ilé dákẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ tí n kò rí ẹlòmíràn bá sọ.

Lánàá ni mo ń jẹ òbòkún, tí mo rí i pé mò ń ṣa egungun rẹ̀ sétí àwo bí ẹ ti máa ń ṣa á fún mi, àfi bí ẹni pé ọmọdé kan jókòó tì mí. Mo rántí ọ̀nà Ejìnrìn. Ẹ óò máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀, ẹrù ọjà yóò kún inú rẹ̀, ẹ óò ní kí n kọrin kí ọ̀nà lè yá. Bí orin náà bá dùn mọ́ yín nínú, ẹ kì í yìn mí. Ẹ óò kàn kọjú sómi, ẹ óò máa mi orí díẹ̀díẹ̀. Èmi náà óò sì mọ̀ pé mo ti ṣe dáadáa.

Ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ tí ọkùnrin ará Ìkòròdú yẹn wá sílé wa, tòun ti fèrè rẹ̀ nínú àpótí dúdú. Ó ti fọn fèrè fún àwọn sójà nígbà ogun Bọ́mà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ orin ijó àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn fèrè máa ń dá ara wọn lóhùn, tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò sì ní lè dúró jẹ́ẹ́. Ó ti gbọ́ ohùn mi níbi ìkómọ kan, ó ní kí ẹ jẹ́ kí n wá máa kọrin fún báǹdì òun. Ẹ wò ó títí.

Ẹ wá ní, "Ọmọ mi kò ní máa bá ọkùnrin kiri nínú lọ́rì bí ẹni tí kò nílé. Bó o bá fẹ́ ohùn rẹ̀, fẹ́ òun fúnra rẹ̀."

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, Bàbá. N kò ní purọ́ fún yín. Mo rò pé ẹ ti fi ọkọ àti orin fún mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn lóòótọ́. Wọ́n sọ mí ní Ẹyẹ Ọ̀sà. Wọ́n rán gáùn fún mi, wọ́n ra ìbọ̀wọ́ funfun tó gùn dé ìgúnpá. Wọ́n gba ohùn mi sínú àwo ní Èkó, àwo náà sì kárí ìlú débi pé àwọn tí kò tíì rí mi rí ń fi orúkọ mi sọ ọmọ. Bí mo bá dé ìdí makirofóònù, tí fèrè mẹ́ta bá gbé e láti ẹ̀yìn mi, ara mi a fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n bí orúkọ mi ti ń gbòòrò ni ilé ń há. Ọkọ mi ní olórin tí aráyé bá ń rí lọ́fẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tí yóò sanwó wò ó. Ló bá ní kí n má lọ sọ́jà mọ́. Ó kan fèrèsé tó kọjú sí títì pa. Bó bá ń jáde, láti ìta ló ti ń ti ilẹ̀kùn. Láti inú ilé sínú lọ́rì, láti inú lọ́rì sórí pèpéle, kí n tún padà sínú lọ́rì: gbogbo ìrìn àjò mi kò ju ìyẹn lọ. Àwọn obìnrin ń wo ìbọ̀wọ́ mi, wọ́n ń sọ pé ó wu àwọn láti wà nípò mi.

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú yín dé, a ní ijó ní Èkó. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ ọkọ mi kó jẹ́ kí n lọ.

Ó ní, "A ti lẹ ìwé ijó mọ́ ògiri káàkiri. Wọ́n á ti sin bàbá kó o tó débẹ̀."

Mo fi àtíkè bo ojú, mo kọrin. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín, a tún wà lójú ọ̀nà. Ta ló wẹ̀ yín, Bàbá? Ta ló kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ sí yín? Ṣé ẹ bèèrè mi?

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo sá. Mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì, Ràṣídì àti Múínátù, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní ẹ̀bútè Ìkòròdú, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Kékeré, àbúrò yín. Wọ́n fún wa lóúnjẹ, wọ́n tẹ́ ẹní fún wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọ́ fún un. Ta ni mí tí n ó fi tú ohun tí òkú dì?" Àwọn fúnra wọn ló mú wa padà.

Ọkọ mi kò lù mí. Ó kàn mú Ràṣídì lọ sílé ìyá rẹ̀ lápá kejì ìlú, ó ní ibẹ̀ ni yóò máa gbé. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ kó wá kí mi. Ó mọ̀ pé n kò ní fi ọmọ sílẹ̀ lọ. Ṣé bí ẹ ti rò ó nìyí lọ́jọ́ tí ẹ ń bá a sọ̀rọ̀?

Lásìkò Iléyá tó kọjá, wọ́n pè wá síjó ní Ẹ̀pẹ́. Lọ́sàn-án gangan ni, létí omi, gbogbo ìlú jáde. Mo rí Bàbá Kékeré níwájú nínú agbádá tuntun. Mo rí àwọn tí a jọ lọ ilé kéú. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn ènìyàn mi rèé, bí mo bá sọ fún wọn, wọn yóò gbọ́. Nígbà tí orin kan parí, n kò dúró de èyí tó kàn. Mo lanu:

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ gbà mí o,
Ilé tí mo wọ̀ kò nílẹ̀kùn,
Bàbá tó mú mi wọ̀ ọ́ ti lọ,
Ta ni yóò mú mi jáde?

Ọkọ mi bojú wò mí. Mo rò pé yóò já makirofóònù gbà. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó dá mi lóhùn. Onílù gbé e. Mo tún un kọ, omijé ti ń bọ́. Ni àwọn ènìyàn bá gbà á lẹ́nu mi: "Kò nílẹ̀kùn! Kò nílẹ̀kùn!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, eruku sọ. Bàbá Kékeré jó dé iwájú mi, wọ́n lẹ ṣílè mọ́ iwájú orí mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Nínú lọ́rì, ọkọ mi ní, "Ibo lo gbé orin yẹn pamọ́ sí? Ìyẹn ló máa sọ wá dọlọ́lá."

Ó ti wà nínú àwo báyìí. Wọ́n ń lù ú ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò. Múínátù ń fi orin náà fo okùn. Bí bàbá rẹ̀ bá ń tilẹ̀kùn láàárọ̀, òun náà ń kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Kò sí ohun tí mo tún lè sọ, Bàbá, tí wọn kò ní jó sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn. Àbúrò yín obìnrin ni, Ìyá Ejìnrìn tó ń ta ẹja gbígbẹ. Wọ́n ru ẹní, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja dání. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọkọ wa, ó tó ìgbà díẹ̀. Mo wá bá yín tọ́jú ọmọ. N kò ní tètè lọ o."

Kí ló fẹ́ wí? Ó bá wọn gbẹ́rù wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò láti ìta mọ́.

Ó di ọjọ́ kejì kí àwa méjèèjì tó dá wà nínú ilé ìdáná. Wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja, wọn kò wojú mi. Wọ́n ní, "Mo wà níbi ijó yẹn. N kò jó."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sunkún, Bàbá, mo sunkún bí n kò ti lè sunkún yín. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́: "Ọjọ́ wo ni ọmọkùnrin yẹn máa ń wá síhìn-ín?"

Mo ní ọjọ́ Jímọ̀, bàbá rẹ̀ á mú un wá kó tó lọ sí mọ́sálásí.

Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n mú ẹja mìíràn.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà ṣe ilé yín. Ọ̀la ni Jímọ̀. Bí a bá dé ojú omi, ẹ má sùn lórí wa.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí kò yéé fẹ́ràn yín.