Ilẹ̀ Rọ́bà Tí O Fi Ránṣẹ́

Ilé Sàláwù,
Ìlobù.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 1985.

Jàlálù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, Hàfúsátù ọmọ-ọmọ mi ńkọ́? Ọlọ́run Ọba á máa ṣọ́ yín ní Èkó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bàbá ẹnikẹ́ni. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí o, ilé ẹ̀kọ́ àgbà kò já sí asán.

Ilẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ ti dé láti oṣù Kọkànlá. Mẹ́rin ni mo bá nínú àpò ìwé, pupa, aláwọ̀ ewé, dúdú, àti ọ̀kan tó rí bí ẹ̀kọ tó ti kan. Inú kọ́kọ́ bí mi, torí kò sí èyí tó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo ní ṣé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Jàlálù rò pé mo ní ni? Mo tún ní bóyá díẹ̀díẹ̀ ni ilé lẹ́tà ń gbé e bọ̀. Mo fi pupa sí ibi tí mò ń forí kanlẹ̀ tí mo bá ń kírun, ó yọ̀, imú mi ló ṣáájú dé ilẹ̀. Tíṣà Ọlábímtán, aládùúgbò wa, ló wá ṣàlàyé pé àpẹẹrẹ ni, kí n yan ọ̀kan, kí wọ́n lè tẹ́ irú rẹ̀ sí gbogbo yàrá.

Òun náà ló ka fọ́ọ̀mù òyìnbó tó bá wọn wá fún mi. Wọ́n bèèrè iye àwọn tí yóò máa rìn lórí ilẹ̀ náà. Mo ní kó kọ méje: èmi, ewúrẹ́ mẹ́ta, adìẹ méjì, àti Àbẹ̀ní ará Ìfọ́n, ọ̀rẹ́ mi tí kì í tètè lọ sílé rẹ̀. Wọ́n tún ní ogún ọdún ni ilẹ̀ náà yóò lò. Ha! Lẹ́yìn ogún ọdún, ibo ló ń lọ?

Má bínú pé èsì pẹ́, mò ń dán wọn wò ni. Mo ri aláwọ̀ ewé mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí omi ilé ìwẹ̀ ń gbà. Nígbà tí mo hú wọn, ewé ti di ilẹ̀, rọ́bà ṣì ń dán bí ọjọ́ tó dé. Ohun tí ilẹ̀ kò lè jẹ ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yinná bọ́ sórí dúdú, òórùn rẹ̀ lé mi jáde. Eléyìí tó rí bí ẹ̀kọ, mo fi dé ìkòkò omi. Àbẹ̀ní sì tẹ́ irú rẹ̀ sílé níjọ́sí; omi sá sábẹ́ rẹ̀ lásìkò òjò, ọ̀kùn ń gbé ibẹ̀ bí ẹni tó san owó ilé.

Jàlálù, jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀. O ṣì kéré nígbà tí wọ́n lé wa kúrò ní Gánà. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó ń dán ni a fi sílẹ̀ ní Kùmásì, torí ilẹ̀ kò ṣeé dì lẹ́rù. Fọ́tò bàbá rẹ, ibẹ̀ ló kù sí. A délé lọ́wọ́ òfo, bàbá rẹ fi igi pẹlẹbẹ lu ilẹ̀ yàrá yìí, èmi fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé rẹ́ ẹ. Kó tó gbẹ, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo ní ẹ ti bà á jẹ́! Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí ìjọba kan bá tún ní ká kó lọ, kó rí i pé ẹnì kan ti dúró síbí.

Ọdún kẹfà tí wọ́n ti fi wá sílẹ̀ nìyí. Gbogbo Jímọ́ọ̀ ni mò ń rẹ́ ilẹ̀ náà, mo sì ń yí ojú ẹsẹ̀ yẹn ká. Tí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń ti ẹsẹ̀ tèmi bọ̀ ọ́, mo ní Bàbá Jàlálù, ẹ kú àárọ̀ o. Bí ẹ bá tẹ́ rọ́bà bò ó, níbo ni n ó ti máa kí wọn? Àárò wọn ń sọ mí, ọmọ mi.

Nítorí náà, ilẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni mo yàn. Ṣùgbọ́n owó rọ́bà yẹn, jọ̀ọ́, fi ránṣẹ́. N ó fi ra amọ̀ pupa, n ó fún bíríkìlà ní ti sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ewúrẹ́ ti ń jà, kí o sì fi owó òróró orúnkún kún un.

Ilẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ á gbà yín dúró, ẹnikẹ́ni kò ní lé yín kúrò níbẹ̀, àmín.

Ní Iléyá, kí ìwọ àti Hàfúsátù bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà o. N ó ti rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ sílẹ̀ dè yín, kò ní tíì gbẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rísíkátù.