Ojú Tó Wà Lọ́nà

Màmá mi,

Láràárọ̀, mo máa ń ṣan ọwọ́, kí n dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, kí n fìka fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, kí n wá sọ ohun tí ẹ máa ń sọ bí ẹ bá ń kán oògùn sójú wa: "Ẹyinjú mi, má ṣẹ́jú." Ẹ̀kán oògùn àkọ́kọ́ máa ń ṣàn lọ sétí mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ abẹ ojú náà lọ dáadáa. Ti ọmọ kíláàsì mi tóun náà ṣiṣẹ́ abẹ ojú, ṣe ni wọ́n ṣí awọ ẹyinjú rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, tí wọ́n tún un dé padà. Lọ́jọ́ kejì ó ti ń kàwé. Tèmi, wọ́n ha awọ náà kúrò ni. Tuntun ń hù láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, bí àwa ọmọ ṣe máa ń rọ́ wá sí àárín ilé bí ẹ bá pè wá jẹun. Ó máa pẹ́ díẹ̀, àmọ́ màá ríran kedere, bí oògùn bá ṣáà ti ń wọlé.

Nọ́ọ̀sì rí ipa oògùn létí mi, ó bi mí pé, "Ta ló ń bá ẹ kán an?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé ojú la ní kó kán an sí, kì í ṣe etí!"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Òun ò kúkú mọ̀ pé èmi ni àkọ́bí yín.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti àwọn àbúrò mi. Bí ìlà ìwé yìí bá wọ́, ojú mi ló wà lọ́nà, ọ̀dọ̀ yín ló ń wò.

Lọ́la, màá kan ilẹ̀kùn ọmọbìnrin yàrá kejì, kó wá bá mi kán oògùn náà. Mi ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Màá kọ́kọ́ kí i.