Àkísà Tó Ń Lé Oòrùn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì, 2025

Humairah tún dákú lónìí. Ọmọ kékeré yẹn! Ní ilé kéú ni, ó ń ka wàláà rẹ̀ lọ́wọ́. Ariwo ló gbé mi débẹ̀. Omi ni wọ́n ń dà sí i lórí kó tó lajú.

Mo wòkè. Páànù nìkan, kò sí àjà. Páànù, lẹ́yìn náà orí ọmọ. Ooru tó ń bọ̀ látòkè dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò orí iná. Àáfà Badrudeen ń fi etí jalàbíà wọn fẹ́ ọmọ náà. (Àáfà Pẹ́ńpé ni mò ń pè wọ́n níbí, torí wọ́n kúrú. Ẹni rere ni wọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni.)

Mo ní, "Àáfà, màá bá yín ṣe àjà síbí."
Wọ́n ní kí ni màá fi ṣe é.
Mo ní àkísà.
Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in lọ. Sọ̀fíyàt lorúkọ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kejì

Yẹ̀kínì télọ̀ kó ìrépé aṣọ wá, àpò ńláńlá. Gọ́tà ni àwọn télọ̀ tó kù ń dà á sí, tàbí kí wọ́n dáná sun ún kí èéfín rẹ̀ pa gbogbo àdúgbò. Èmi, mo ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ata tí ìyá mi fi sílẹ̀, tí wẹ́dà bá mi yí eyín rẹ̀ padà — Agbótikúyọ̀ ni mo sọ ọ́, nítorí ariwo. Màá wá pò ó mọ́ sítáàsì gbágùúdá tó ki dáadáa. Màá fi bóráàsì sí i, kí ikán má jẹ ẹ́, kí iná má ràn mọ́ ọn. Màá tẹ̀ ẹ́ sínú férémù pákó, màá tẹ́ ìrépé gígùn sójú rẹ̀ kó lè di ara mú. Oòrùn á ṣe ìyókù, á gbẹ, á di bọ́ọ̀dù.

Oòrùn tó ń mú ọmọ dákú ló ń gbẹ ohun tó máa lé e lọ. Ó dùn mọ́ mi nínú.

Bọ́ọ̀dù tó bá fọ́, mo rẹ ẹ́ sómi, mo tún un tẹ̀. Tútù lorúkọ tí mo sọ bọ́ọ̀dù mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, 7 oṣù Kejì

Ọ̀gbẹ́ni Rọ́bà wá. Dúró ni mò ń wí, ẹni tó ń ta àjà onírọ́bà lójú ọ̀nà Kuta. Ó ti ní i lọ́kàn pé òun lòun máa ṣe àjà ilé kéú yẹn lọ́jọ́ kan. Ó fẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀dù mi. Ẹsẹ̀!

Ó ní tí iná bá ràn mọ́ ọn ńkọ́, ṣé mo fẹ́ sun ọmọ ọlọ́mọ ni. Mo gba ìṣáná lápò rẹ̀, mo ṣá a sí Tútù níṣojú rẹ̀. Ojú ibẹ̀ dúdú, iná kú. Mo ní ó yá, lọ mú rọ́bà tìrẹ wá, ká jọ wò ó. Ó ní òun ń kánjú lọ kírun.

Ìrun ọ̀sán, láàárọ̀ kùtù. Ẹ gbọ́ ná!

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kejì

Ọmọ kéú kì í wá ní Alàmísì, bẹ́ẹ̀ la ṣe ráyè. Káfíńtà kan igi, èmi ń gbé bọ́ọ̀dù sókè fún un. Ẹ̀yìn ń ro mí, ọrùn ń ro mí, ẹnu nìkan ni kò ro mí.

Ìyá Ṣàfíù wá wò wá. Ìyá àgbà Humairah ni wọ́n, opó Bàbá Gíga. Bàbá Gíga ló kọ́ ilé kéú yìí, ó sì kú kó tó ráyè ṣe àjà sí i. Ọ̀rọ̀ Ìyá labẹ gé níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n wòkè títí. Wọ́n ní, "Ó mọ́." Wọ́n lọ.

Ó mọ́! Lẹ́nu Ìyá Ṣàfíù, oríkì nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀, 14 oṣù Kejì

Mo lọ jókòó sábẹ́ àjà náà lọ́sàn-án gangan, èmi nìkan. Ó tutù. Mo sunkún díẹ̀, kò sẹ́ni tó rí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kejì

Humairah kàwé títí wọ́n fi pe ìrun àìlà. Ọmọ náà ń jà pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ nígbà tí mo kọjá. Alhamdulillahi. Ọmọ tó bá lè jà, ara rẹ̀ le.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kejì

Wọ́n ní aṣọ òkú ni.

Ní Odò Ọ̀rí ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu obìnrin tí mò ń ra gbágùúdá lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ gba owó mi lọ́wọ́ mi, ó ní kí n gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní mò ń ṣa aṣọ òkú kiri, mo wá ń tò ó sórí ọmọ ọlọ́mọ. Mo béèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Dúró ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Àwọn òbí ti ń mú ọmọ wọn kúrò. Kó tó di àlàásárì, Ìyá Ṣàfíù ti ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní ilé Kùránì lọkọ àwọn kọ́, kì í ṣe itẹ́. Wọ́n ní kí àjà náà sọ̀ kalẹ̀ ní Alàmísì, Dúró máa fi tirẹ̀ síbẹ̀. Mo ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi, mo ní ẹ gbé Kùránì wá kí n búra. Àáfà Pẹ́ńpé ní kí n má búra. Wọ́n yára sọ ọ́. Wọn ò wojú mi.

Kí ló dé tí wọn ò wojú mi?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kejì

Háà. Yẹ̀kínì!

Mo lọ bá a nísọ̀ rẹ̀. Mo ní ìrépé tó o fún mi, ti ta ni? Ó ń họrí. Ó ní, "Sọ̀fí, má bínú." Mo ti ń bínú kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí Bàbá Gíga kú, Ìyá Ṣàfíù kó aṣọ rẹ̀ fún Àáfà, ṣàráà, bí gbogbo wa ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Bàbá Gíga ga bí igi àgbọn. Àáfà Pẹ́ńpé ò lè wọ̀ ọ́ kó má wọ́ nílẹ̀. Wọ́n gbé e fún Yẹ̀kínì kó gé e. Yẹ̀kínì gé e. Èyí tó gé kúrò lára rẹ̀, inú àpò mi ló dà á sí. Gínì aláwọ̀ ẹyẹlé. Mo rántí rẹ̀! Mo tẹ́ ẹ sójú bọ́ọ̀dù torí ó lẹ́wà.

Irọ́ tí Dúró pa, òótọ́ ni, òun gan-an ò sì mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí Yẹ̀kínì fi rò pé orí mi ti dàrú. Àṣé ohun tó fà á tí Àáfà ò wojú mi nìyẹn, wọ́n ti fura.

Yẹ̀kínì ní kí n yáa yọ bọ́ọ̀dù yẹn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kẹ́nì kankan má mọ̀. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Tí mo bá jí ọ̀kan yọ, gbogbo ìyókù ti di aṣọ òkú nìyẹn, torí èmi fúnra mi ti gbà pé ohun ìtìjú ni. Mi ò gbà.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kejì

Ọ̀la ni Alàmísì tí Ìyá dá. Màá lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kejì

Gbogbo àdúgbò ló pé. Dúró gbé àkàbà wá, ó ti wọ fìlà bí ọkọ ìyàwó. Kó tó gbé e kalẹ̀ dáadáa, mo ti gùn ún. Àkàbà rẹ̀, ẹsẹ̀ mi! Mo yọ bọ́ọ̀dù òkè ibi tí Àáfà ń jókòó sí. Mo sọ̀, mo fi orúnkún dá a sí méjì.

Mo ní ẹ wò ó. Aṣọ òkú wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ariwo! Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn. Dúró ń pariwo pé ẹ ti gbọ́, ẹ ti gbọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n pariwo tó. Ọmọ odídẹrẹ́ ni mí, mo mọ bí wọ́n ti ń dúró de ariwo kó rọlẹ̀. Mo wá kúnlẹ̀ fún Àáfà, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Mo ní, "Jalàbíà tó wà lọ́rùn Àáfà yìí, ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?" Àáfà ò jẹ́ kí n dá a lóhùn fúnra mi. Wọ́n dìde. Wọ́n ní ti Bàbá Gíga ni, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Yẹ̀kínì gé.

Mo yíjú sí àwọn èrò. Mo ní ẹ̀yin náà lẹ ń tò sẹ́yìn aṣọ yìí, tẹ́ ẹ ń fi orí kanlẹ̀ kírun. Ṣé òkè aṣọ nìkan ni ṣàráà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá di èèwọ̀? Ta ló pín in bẹ́ẹ̀? Ṣé Yẹ̀kínì ni àbí Ọlọ́hun?

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹlòmíì ní "wàlláhì."

Ìyá Ṣàfíù ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba ààbọ̀ bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi. Wọ́n fa fọ́nrán kan yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e sétí jalàbíà Àáfà. Àwọ̀ kan náà. Ọwọ́ wọn dúró síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n mú ààbọ̀ náà dání, wọ́n lọ sílé.

Kò sẹ́ni tó ní kí Dúró gun àkàbà. Kò sì sẹ́ni tó ní kó máa lọ. Ó ń bá wa dúró ṣáá.

Ọjọ́ Jímọ̀, 21 oṣù Kejì

Kò sí ìròyìn. Ihò wà lájà lókè ìjókòó Àáfà. Oòrùn ń gbabẹ̀ wọlé bí àlejò tí wọn ò pè.

Mo dójú ti Ìyá Ṣàfíù níṣojú gbogbo ayé. Mi ò kábàámọ̀ ohun tí mo sọ. Ọwọ́ wọn lára aṣọ yẹn ni kò kúrò lójú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kejì

Ìyá Ṣàfíù wá sílé mi. Àwọn fúnra wọn! Humairah ru ẹrù tẹ̀lé wọn. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Wọ́n gbé ààbọ̀ bọ́ọ̀dù kalẹ̀. Wọ́n tú ẹrù. Agbádá Bàbá Gíga ni, èyí tí bàbá wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé kéú. Òun nìkan ni Ìyá ò fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní inú àpótí ló wà látọjọ́ yìí, kòkòrò ń jẹ ẹ́.

Wọ́n ní kí n gé e, kí n fi kún àjà. Wọ́n ní òkè orí Humairah ni kí n gbé e sí.

Mo ní, "Ìyá, ṣé ó dá yín lójú?" Wọ́n ní nígbà tí ọkọ àwọn wà láyé, díẹ̀ ló máa ń kù kí orí rẹ̀ kan òrùlé ilé yẹn. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó kàn án wàyí." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́.

Mo mú sísọ́ọ̀sì. Mò ń yí agbádá náà sọ́tùn-ún, sósì, mò ń wá ibi tí màá ti gé e. Ìyá ní ṣé kí oòrùn dúró dè mí ni. Wọ́n gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gé e.